Ohùn Tó Kẹ́yìn Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kọkànlá, 1978

Ó ti lọ! Ọkọ mi ti lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù! Mo fẹ́ tún un kọ kí n lè rí i dáadáa: ọkọ mi ti lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù láti lọ fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́ jẹun. Ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Kéèkì tó ṣẹ́kù ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn.

Ìdájí ni mọ́tò wá gbé òun àti Bàbá, tí wọ́n ń sìn ín lọ wọ bàálù, níwájú ilé wa ní Òkè-Ìlá. Bàbá ọkọ mi wọ kóòtù tí wọ́n ń wọ̀ nígbà tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, bí ẹni pé àwọn gan-an ni kóòṣì ń retí. Màámi, ìyá ọkọ mi, gbàdúrà títí dírẹ́bà fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Nígbà tó kàn mí láti dágbére, gbogbo ilé ló ń wò mí. Kí ni ìyàwó tuntun lè sọ lójú gbogbo ilé? Mo ní, "Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire." Òun náà ní, "Ó dàbọ̀, ìyàwó." Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí òyìnbó rí ní Ìbàdàn tó ní òun ò lè fi sílẹ̀ lọ!

Mo sunkún díẹ̀, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Mo lọ́kọ! Jẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tí nọ́ńbà méje wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Wọ́n ti fún mi lórúkọ tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì: Ìyàwó Bẹ́ljíọ̀mù. Ó yẹ kí ojú tì mí. Inú mi dùn débi pé n kò gbọ́ ìwàásù.

Nígbà tí mo jí lónìí, ìdajì ibùsùn ò rún rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Wáyà ti dé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Bàbá ní kí a fi ohùn wa ránṣẹ́ sí i. Rẹ́kọ́dà méjì tó jọra ni ọkọ mi rà kó tó lọ, ó mú ọ̀kan dání, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa. Kásẹ́ẹ̀tì kan, náírà méjì ààbọ̀ ní àdúgbò Adébáyọ̀, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo la rà.

A kì í bẹ̀rẹ̀ nǹkan láti ìsàlẹ̀ nínú ilé yìí. Ẹran ni o, omi ìwẹ̀ ni o, ọ̀rọ̀ sísọ ni o, ọ̀dọ̀ àgbà ló ti ń wá. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n kí i, wọ́n ka Sáàmù, wọ́n sì ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé wọn! Màámi tẹ̀lé wọn. Lẹ́yìn Màámi ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, lẹ́yìn náà ni ìyàwó wọn, ìyálé mi, Ìyá Ìdòwú. Wọ́n ní kó fi bàtà ránṣẹ́ sí àwọn, wọ́n mú okùn, wọ́n wọn ẹsẹ̀ wọn lójú gbogbo wa, wọ́n sì ń ka ìwọ̀n náà sínú rẹ́kọ́dà. Lẹ́yìn wọn ni àbúrò ọkọ mi, Ẹ̀bùnọlá. (Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè kọ orúkọ yẹn. Wọ́n ti bí i sílé kí n tó dé, n kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni mo ń pè é, ó sì fẹ́ràn rẹ̀.)

Èmi tí mo dé ilé kẹ́yìn ni mo kẹ́yìn. Láti òwúrọ̀ ni mo ti há ọ̀rọ̀ mi sórí. Mo sún mọ́ rẹ́kọ́dà, mo ní, "Olówó orí mi, ẹ kú..."

Ó ta kà! Kásẹ́ẹ̀tì tán.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyálé mi ní, "Má dààmú. Ó ti gbọ́ 'ẹ kú.' Kí ni ìyàwó tuntun tún ń wá?"

Lẹ́tà tí mo kọ, inú àpòòwé kan náà pẹ̀lú ti gbogbo ilé ló wọ̀. Bàbá kọ́kọ́ kà á, wọ́n sì fi bírò pupa sàmì sí ibi tí mo ti ṣàṣìṣe. Wọ́n fún mi ní méje nínú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Ọyẹ́ ti dé. Ètè mi ti là. Bátìrì mẹ́rin ti di náírà kan lọ́dọ̀ Bàdírù tó ń tún rẹ́díò ṣe. Ó ní, "Ìyàwó Bẹ́ljíọ̀mù, ìwọ nìkan lò ń jẹ bátìrì tó báyìí ní Òkè-Ìlá." Lálaalẹ́ ni mo ń wá ibi tí wọ́n ti ń ka èsì bọ́ọ̀lù lórí rẹ́díò òyìnbó. Wọn kì í dárúkọ ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kejìlá

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé! Bàbá gbà á ní póósítọ́fíìsì, wọn kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ọ títí a fi jẹun tán, tí a fi palẹ̀ mọ́, tí oníkálukú fi jókòó. Ó kí Bàbá. Ó kí Màámi. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kí ìyálé mi, ó ní òun ti ń wá bàtà náà. Ó kí Ìdílẹ̀kẹ̀. Ó kan èmi. Ó wá ní, "Ìyàwó, mo kí ọ o. Bá mi tọ́jú Màámi dáadáa."

Ìyẹn nìkan. Kí ni kí òun náà sọ, nígbà tó mọ̀ pé gbogbo ilé ló jókòó yí mi ká?

Ó ti sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n! Orí ló fi kàn án. Yìnyín bo pápá débi pé bọ́ọ̀lù pupa ni wọ́n fi ń gbá. Ó ní ilé kan ni àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò mú aya dání jọ ń gbé, gbogbo wọn fẹ́ràn òun, àwọn jọ ń jẹun, àwọn jọ ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rọ̀ wá: ọ̀gá ẹgbẹ́ fẹ́ kí òun fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì sí i. Inú ilé yẹn ni òun yóò máa gbé, wọn kì í sì í gba ìyàwó síbẹ̀. Bí òun kò bá fọwọ́ sí i, kí òun máa bọ̀ wálé ní oṣù karùn-ún nígbà tí ìdíje bá parí. Kí oṣù kìn-ín-ní tó tán ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì.

Bàbá ní, "Ọdún méjì! Kí ló tún ń bi wá léèrè fún? Kó fọwọ́ sí i."

Ìyálé mi ní, "Ọdún méjì kì í ṣe nǹkan. Ọkọ tèmi lo ọdún mẹ́ta ní Kánò. Ṣé mo kú?"

Bàbá yíjú sí mi. "Ìyàwó, ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Bí ẹ bá ṣe wí náà ni, sà."

Ọjọ́ Àìkú, 10

A ti fèsì. Ìyálé mi wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Ìgèdè, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ́kù fún mi lónìí. Mo ní, "Olówó orí mi, ẹ fọwọ́ sí i. Mo ń dúró dè yín." Ohùn mi dùn! Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. Bàbá ń mi orí, wọ́n ní ìyàwó tó gbọ́n nìyí.

Mo wọ yàrá, mo jókòó sí ìdajì ibùsùn tí kò rún, mo fi ọwọ́ rún un.

Ọjọ́ Ajé, 25

Kérésìmesì. Ìrẹsì, adìẹ, aṣọ tuntun. Tọkọtaya tọkọtaya ni wọ́n ń wá kí wa. Gbogbo wọn ló ń bi mí pé, "Ọkọ ńkọ́?" Mo ń dáhùn pé, "Ó wà dáadáa! Ó ti sọ bọ́ọ̀lù sáwọ̀n!" Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn mí nítorí ẹ̀rín.

Ọjọ́rú, 27

Gbogbo ilé lọ kí àwọn ẹbí ní Ìgèdè. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́ ni. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ mi láìsí ẹni tí yóò máa wo ojú mi.

Nígbàkúùgbà tó bá ti ní "Ó dìgbà o" tán, Bàbá máa ń pa rẹ́kọ́dà ni. Lónìí, aṣọ tí mo ń ká kún ọwọ́ mi, n kò tètè pa á. Ó ń ṣe ṣììì. Mo wá gbọ́ ikọ́.

Ọkọ mi ló wúkọ́! Kò tíì pa tirẹ̀! Mo da aṣọ sílẹ̀, mo jókòó sórí ilẹ̀, mo fi etí lé e.

Ó fa àga. Ó ṣí ìdérí ìkòkò. Mo dúró kí n gbọ́ ohùn àwọn tó ní àwọn jọ ń jẹun. Kò sí ohùn kankan. Abọ́ dún lórí tábìlì. Ó gbàdúrà kúkúrú, òun náà ló sì ṣe Àmín fún ara rẹ̀. Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀, bí a ti ń ṣe nílé, ó ní:

"Ẹ wá jẹun o."

Ó dákẹ́. Ó dúró. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ṣíbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Mo ní, "Á gba ibi ire." Mo sọ ọ́ sókè nínú ilé tó ṣófo. Ṣíbí ń dún lọ títí kásẹ́ẹ̀tì fi tán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù kìn-ín-ní, 1979

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i ní ìkọ̀kọ̀. Mo tilẹ̀ ti ra sítáàǹbù. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ilé ni mo ti ní kó fọwọ́ sí i. Bí mo bá tún lọ sọ òmíràn ní kọ̀rọ̀, mo ti di ẹlẹ́nu méjì nìyẹn. Bí kò bá sì fọwọ́ sí i, Bàbá yóò bi í léèrè ìdí, kò sì mọ irọ́ pa fún Bàbá.

Ó mọ̀ ọ́n pa fún wa gan-an nínú kásẹ́ẹ̀tì ṣá. "A jọ ń jẹun."

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mo gbé rẹ́kọ́dà lọ bá Màámi ní ilé ìdáná. Wọ́n ń bẹ iṣu.

"Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé bátìrì ló tún tán?"

"Rárá, mà. Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́."

"Ṣé kì í ṣe pé Ìyá Ìdòwú tún sọ̀rọ̀ sí ọ? Ẹnu rẹ̀ ni kò dára, inú rẹ̀ ò burú."

Mo tẹ rẹ́kọ́dà. Màámi ń bẹ iṣu wọn lọ. Nígbà tí ohùn yẹn ní "Ẹ wá jẹun o," Màámi kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Wọ́n dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni pé ó wà nínú pálọ̀: "Á gba ibi ire, ọmọ mi."

Ọwọ́ wọn wá dúró lórí iṣu.

"Ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, mà."

"Ó ṣáà ní àwọn jọ ń jẹun ni."

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, mà."

A gbọ́ ṣíbí. Màámi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti kékeré ni kì í lè dá jẹun. Bí mo bá nà án, tó ń bínú sí gbogbo ulé, yóò gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa retí kí ẹnì kan kọjá kó lè pè é." Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí lo ní kó ṣe nínú kásẹ́ẹ̀tì tó lọ?"

"Mo ní kó fọwọ́ sí i."

"Ṣé ohun tó wà nínú rẹ nìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èèpo iṣu.

Màámi wò mí títí. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ dùn ju inú rẹ lọ."

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n gbé rẹ́kọ́dà wọ yàrá Bàbá. Mo gbọ́ ṣíbí láti ẹ̀yìn ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Gbogbo ilé jókòó. Kásẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà nínú rẹ́kọ́dà. Bàbá ti ṣí Sáàmù, wọ́n ti tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Màámi ní, "Bàbá, ẹ dúró ná. Lónìí, láti ìsàlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀."

"Láti ìsàlẹ̀ kẹ̀? Ṣé ìsàlẹ̀ ni orí wà?"

"Bí ẹ bá fẹ́ gun àkàbà, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Ìyálé mi pariwo, "Ẹ gbà mí o! Ọ̀rọ̀ bàtà mi ńkọ́?"

Màámi ní, "Bàtà rẹ ò ní rìn lọ. Jókòó."

Bàbá wo Màámi, wọ́n wo Sáàmù, wọ́n sì pa ìwé dé. Wọ́n ti rẹ́kọ́dà sọ́dọ̀ mi.

Mo kúnlẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo há sórí fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ẹ wá jẹun o." Mo dákẹ́ díẹ̀, kí ó lè rí àyè dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ẹ kò pa rẹ́kọ́dà yín lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ṣíbí. Ní ọjọ́sí, mo ní kí ẹ fọwọ́ sí i. Ìtìjú ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. N kò fẹ́ ọdún méjì tí kò sí àyè mi nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lè fún wa ní yàrá, ẹ pè mí, n óò wá, bí yìnyín tilẹ̀ bo orí mi. Bí wọn kò bá lè fún wa, ẹ máa bọ̀ nílé. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn, níwájú Bàbá àti Màámi."

Kásẹ́ẹ̀tì ń yí. Ìyálé mi ya ẹnu. Mo rò pé Bàbá yóò ní kí n jáde.

Wọ́n fa rẹ́kọ́dà mọ́ra. Wọ́n ní, "Múyìwá, èmi bàbá rẹ nìyí. O ti gbọ́." Wọn kò ka Sáàmù.

Kásẹ́ẹ̀tì ṣẹ́kù gan-an. Màámi gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí mo ti fẹ́ gúnyán. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó gbọ́ odó. Jẹ́ kó mọ̀ pé uyán ṣì wà nílé." Mo gún un! Bí mo ṣe gún un, ará àdúgbò yóò rò pé a ń ṣe ìnáwó.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú, 31

Òní ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì, kò sí wáyà. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá tiwa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí mo ti ní kó fọwọ́ sí i yóò ti dé tipẹ́.

Ọyẹ́ ti mú ilẹ̀kùn yàrá wa gbẹ débi pé kì í pa dé mọ́. Mo fi àga tì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù kejì

Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé lónìí. A jókòó. Bàbá tẹ̀ ẹ́. A ń retí "Bàbá, mo kí yín o." Ohun tí a gbọ́ ni:

"Á gba ibi ire."

Kò kí Bàbá. Kò kí Màámi. Èmi ló kọ́kọ́ dá lóhùn! Mo fi gèlè bo ojú mi. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá ń wo rẹ́kọ́dà bí ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ń mì.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kí gbogbo ilé. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ "Ẹ fọwọ́ sí i," ọwọ́ òun ti wà lórí bírò, ṣùgbọ́n ohùn ìyàwó òun dùn jù, kì í dùn tó bẹ́ẹ̀, òun sì ní kí wọ́n fún òun láàyè díẹ̀ sí i. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé e dé, òun lọ bá ọ̀gá ẹgbẹ́: ọdún kan, yàrá tó ní ilé ìdáná, kí ìyàwó òun sì wá. Bí kò bá ṣeé ṣe, òun ń lọ ilé. Ọ̀gá náà ní àwọn yóò rò ó, nítorí ẹlòmíràn wà tó lè sáré lápá ọ̀tún.

Ẹ̀rín tán nílé.

Bàbá ní, "Wọ́n lè lé e o."

Ìyálé mi dìde. "Bí wọ́n bá lé e, ìyàwó, ìwọ lo lé e."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17

Ìyálé mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ méje. Lónìí, mo gbé oúnjẹ mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n wà lórí àpótí, wọ́n ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ wá jẹun, mà." Wọn kò dáhùn. Mo dúró díẹ̀, bóyá wọn kò gbọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mo gbọ́ ṣíbí tèmi.

Bí ọkọ mi bá pàdánù iṣẹ́ yìí nítorí mi, ṣé yóò jókòó tì mí lọ́jọ́ kan kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Mo ti fọ jẹ́ẹ̀sì nọ́ńbà méje. Òórùn rẹ̀ ti lọ.

Ọjọ́ Ajé, 26

WỌ́N GBÀ! Wọ́n gbà, wọ́n gbà, wọ́n gbà! Wáyà dé bá mi ní ilé ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà, Ìdílẹ̀kẹ̀ ló sáré gbé e wá, bàtà rẹ̀ kan já lọ́nà. Ọdún kan. Yàrá wà. Kí ìyàwó lọ gba pásípọ́ọ̀tù. Mo gbé ọmọ tó wà nítòsí mi, mo jù ú sókè, gbogbo kíláàsì kejì ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ní "Ẹ wá jẹun" láìwo ẹnikẹ́ni. Ìyálé mi dáhùn láti inú yàrá wọn: "Á gba ibi ire! Bí o bá débẹ̀, ìwọ ni kí o mú bàtà náà fúnra rẹ. Ọkùnrin ò mọ bàtà rà."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3 oṣù kẹta

Èmi àti Màámi lọ ya fọ́tò ní Adébáyọ̀. Fọtogíráfà ní, "Ìyàwó, pa ẹnu dé, wọn kì í rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù." Mo pa á dé, ó tún ṣí. Mo pa á dé, ó tún ṣí. Màámi ní, "Bá a yà á bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn."

Màámi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ bí a ti ń bọ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ti sú, kò rọ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n gbé rẹ́kọ́dà wá sí yàrá mi, wọ́n ní kí n sọ "Ẹ wá jẹun" sínú rẹ̀ fún àwọn kí n tó lọ.

Mo ní, "Màámi, èèyàn kún ilé yìí."

Wọ́n ní, "Ó kún. Ọmọ méjì ni yóò dín nínú rẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó ṣáájú mi nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo sọ ọ́, mo sì dákẹ́ kí wọ́n lè rí àyè dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn mi kò dùn jù.